Ẹ jẹ́ kí ọmọ praimárì máa fi ìṣirò yanjú ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú akitiyan lórí èdè wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi lẹ́tà yìí sínú ìwé ìròyìn yín, mo mọ̀ pé ó gùn díẹ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ ọmọ ni, ẹ má gé e jù.

Tíṣà praimárì ni mí, apá gúúsù Kwara níbí ni mo ti ń kọ́ wọn, praimárì 5 ló wà lọ́wọ́ mi báyìí. Ohun tó ń dùn mí ni bí a ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ yìí ní ìṣirò. Wọ́n mọ times table, wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń pín nǹkan sọ́nà mélòó, wọ́n mọ ìdá, àmọ́ ẹ gbé ọ̀rọ̀ kan tó ń ṣẹlẹ̀ nílé tàbí lọ́jà fún wọn, ọ̀rọ̀ tí ẹnì kankan ò tíì to nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀ dè wọ́n, ẹ máa rí i pé ojú yín ni wọ́n á kàn máa wò. Ohun tó máa kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wọn ni “Àǹtí, ṣé ká rò ó pọ̀ ni àbí ká yọ ọ́ kúrò?” Tí mo bá ti gbọ́ ìyẹn, mo ti mọ̀ pé ọmọ náà ò tíì ro ọ̀rọ̀ yẹn wò rárá, àmì tó máa fi sáàárín nọ́ńbà méjì ló ń wá.

Ẹ má rò pé ọmọ tiwa nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1980, àwọn olùwádìí kan ní Grenoble nílẹ̀ Faransé bi àwọn ọmọ praimárì pé: àgùntàn 26 àti ewúrẹ́ 10 wà nínú ọkọ̀ ojú omi kan, ọmọ ọdún mélòó ni ọ̀gá ọkọ̀? Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ náà ló dáhùn pé ọmọ ọdún 36 ni, wọn ò sọ pé kí ló kan ewúrẹ́ nínú ọjọ́ orí ènìyàn. Mo gbé irú ẹ̀ fún kíláàsì tèmi, mo ní Àlájà kan ní kóńgò ìrẹsì 12 àti kóńgò ẹ̀wà 7 ní ṣọ́ọ̀bù, ọmọ ọdún mélòó ni Àlájà? Ìdajì kíláàsì pariwo pé 19! Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló nawọ́ tó ní kò lè rí bẹ́ẹ̀, pé Àlájà tó ti lọ Mẹ́kà tó tún ní ṣọ́ọ̀bù ìrẹsì á ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ yẹn ò tíì dáhùn ìbéèrè o, ìbéèrè ọ̀hún ò kúkú ní ìdáhùn, àmọ́ òun nìkan ló gbé nọ́ńbà lọ síwájú ayé kó bi í bóyá ó bá a mu.

Ní Amẹ́ríkà náà, láyé ọdún 1980 sí 1983 níbẹ̀ yẹn, wọ́n bi àwọn ọmọ ọdún mẹ́tàlá nínú ìdánwò gbogbo orílẹ̀-èdè pé ṣọ́jà 1,128 fẹ́ rìnrìn àjò, bọ́ọ̀sì kan ń gbé 36, bọ́ọ̀sì mélòó ni wọ́n nílò? Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn pín in bó ṣe yẹ, àmọ́ àwọn tó kọ 32 sílẹ̀ ò tó ìdá kan nínú mẹ́rin. Àwọn kan kọ ọ́ pé bọ́ọ̀sì 31 ó ku 12. Ṣọ́jà méjìlá tó kù yẹn ńkọ́, ṣé kí wọ́n máa fẹsẹ̀ rìn?

Ẹ jẹ́ kí n mú un sún mọ́lé. Ká ní ilé-ìwé kan n'Ílọrin fẹ́ kó ọmọ 50 lọ wo músíọ̀mù Èsìẹ́, èyí tó jẹ́ músíọ̀mù àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ọdún 1945 ni wọ́n ṣí i (ó yẹ kí gbogbo ọmọ Kwara ti débẹ̀ kó tó jáde praimárì, àmọ́ ọjọ́ mìíì la máa sọ ìyẹn). Bọ́ọ̀sì tí wọ́n fẹ́ háyà ń gbé èèyàn 14. Nínú ìwé, 3 ó ku 8 ni. Ọmọ tó bá ronú á ní bọ́ọ̀sì mẹ́rin, ó dáa bẹ́ẹ̀, àmọ́ iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Tíṣà mélòó ló máa tẹ̀lé wọn? Tí tíṣà bá jẹ́ mẹ́rin, èèyàn ti di 54, àyè 56 ló wà nínú bọ́ọ̀sì mẹ́rin, ó ṣì gbà wọ́n. Ṣé ọmọ kékeré méjì lè jókòó sí àyè àgbà kan? Ẹnì kan á ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹlòmíì á ní rárá, tí dírẹ́bà bá tẹ bíréèkì lójijì ńkọ́? Ṣé ó máa dínwó tí wọ́n bá gba bọ́ọ̀sì mẹ́ta kí ọmọ mẹ́jọ tó kù wọ mọ́tò kékeré méjì, mẹ́rin mẹ́rin? Tó bá rí bẹ́ẹ̀, níbo ni àwọn tíṣà máa jókòó sí? Ẹ rí i pé ìdáhùn ti ju ẹyọ kan lọ, ọmọ gbọ́dọ̀ sọ èyí tó mú àti ìdí tó fi mú un.

Ohun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní mathematical modelling nìyẹn, orúkọ ńlá ni, àmọ́ kò le tó bí orúkọ ẹ̀ ṣe ń dún. Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tó ń fẹ́ àbójútó. Wàá yan ohun tó ṣe pàtàkì nínú ẹ̀, wàá fi ìyókù sílẹ̀ ná. Ohun tí o ò mọ̀, wàá lọ wọ̀n ọ́n, tí kò bá ṣeé wọ̀n wàá fojú bù ú, wàá sì sọ ọ́ síta pé ṣe ni mo fojú bù ú. Wàá wá ṣírò. Lẹ́yìn náà wàá gbé ohun tó jáde padà lọ bá ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀, wàá wò ó bóyá ó bọ́gbọ́n mu, tí kò bá bọ́gbọ́n mu wàá tún un ṣe. Ní tiwa, ìṣirò tó wà láàárín yẹn nìkan là ń kọ́ wọn, ìwé ti bá wọn ṣe èyí tó ṣáájú, èyí tó gbẹ̀yìn ẹ̀wẹ̀, a kì í débẹ̀ rárá, tí tíṣà bá ti máàkì rẹ́ẹ̀tì ó ti parí nìyẹn.

Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ rí dáadáa ni ọ̀rọ̀ omi tí a ṣe ní kíláàsì wa. Bóhóòlù ilé-ìwé wa ti dákẹ́, àwọn ọmọ ń gbé omi nínú ike wá láti ilé, mẹ́rúwà kì í sì í sábà gba ọ̀dọ̀ wa kọjá. Lọ́jọ́ kan tí òjò ń rọ̀, tí ọ̀ṣọ̀rọ̀ ń dà wálẹ̀ láti orí páánù, tí a ò gbọ́ ohùn ara wa mọ́, ọmọkùnrin kan ní “Àǹtí, omi yìí mà ń ṣòfò o.” Mo ní ṣé ó pọ̀ ni? Ó ní ó pọ̀ gan-an. Mo ní báwo ló ṣe pọ̀ tó? Kò sẹ́ni tó lè sọ, èmi náà ò sọ fún wọn. Ibẹ̀ la ti mú un.

Mo ní kí wọ́n dárúkọ gbogbo ohun tó yẹ ká mọ̀ ká tó lè dáhùn, mo ń kọ ọ́ sí bọ́ọ̀dù bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Wákàtí tí òjò fi rọ̀. Bí páánù ṣe tóbi tó. Bóyá páánù ti dípẹtà. Atẹ́gùn. Ẹnì kan ní àwọ̀ páánù, àwọn tó kù ní kí ni àwọ̀ fẹ́ ṣe nínú ẹ̀, a pa á rẹ́. Lórí wákàtí, ìjà ńlá ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, torí ọmọ kan ní òjò wínníwínní lè rọ̀ láti àárọ̀ dọ̀sán kí omi má kún bọ́kẹ́ẹ̀tì, kí òjò alágbára sì rọ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí àgbàlá kún. Ara wọn ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ bá jà títí wọ́n fi gbà pé wákàtí kọ́ ló yẹ ká wọ̀n, bí omi ṣe ga tó nílẹ̀ ni.

A wá gbé agolo mílíìkì kan àti agolo ńlá kan tó fẹ̀ dáadáa sí àárín pápá, níbi tí igi máńgòrò ò ti lè bò ó. Kí òjò tó rọ̀ mo ní kí wọ́n sọ èyí tí omi inú ẹ̀ máa ga jù. Gbogbo wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ pé agolo ńlá. Nígbà tí òjò dá, a fi rúlà wọ̀n ọ́n, bákan náà ni omi ṣe ga nínú méjèèjì! Agolo ńlá gba omi púpọ̀ lóòótọ́, àmọ́ ilẹ̀ ẹ̀ náà ló fẹ̀ tí omi fi tẹ́ sí i. Ó pẹ́ kí wọ́n tó gbà, wọ́n ń tún un wọ̀n. Rúlà ní 7 mìlímítà, a ti ń kọ ọ́ sílẹ̀ kí ọmọbìnrin kan tó máa ń dákẹ́ jẹ́jẹ́ lẹ́yìn kíláàsì tó wá sí iwájú, ó ní “Àǹtí, òdo ò bẹ̀rẹ̀ láti etí rúlà o.” Òótọ́ ni, àlàfo 3 mìlímítà wà kó tó kan òdo, 10 ló yẹ kó jẹ́. Mi ò lè gbàgbé ojú ọmọ yẹn lọ́jọ́ náà.

Ó wá kan páánù. A ò lè gun òkè, kò sì yẹ kí ọmọ gun òkè. Ibi tí ọ̀ṣọ̀rọ̀ ti ń kán sílẹ̀ máa ń gbẹ́ ihò tẹ̀léra tẹ̀léra yípo ilé, ojú ihò yẹn la tẹ̀lé, a fi okùn tí a ti sàmì mítà mítà sí wọ̀n ọ́n, torí a ò ní téèpù. Gígùn ẹ̀ 24 mítà, ìbú ẹ̀ 8. Ìyẹn jẹ́ 192. Tí òjò bá ga ní mìlímítà kan lórí ilẹ̀ tó gùn ní mítà kan tó sì fẹ̀ ní mítà kan, lítà omi kan gééré ni (ẹ fi sẹ̀ǹtímítà ṣe é: 100 lọ́nà 100 lọ́nà ìdá kan nínú mẹ́wàá, 1,000 ló máa jáde, ìyẹn sì ni lítà kan). Òjò ọjọ́ náà jẹ́ 10 mìlímítà, torí náà 192 lọ́nà 10, lítà 1,920. Lórí bùlọ́ọ̀kì kan ṣoṣo o, nínú òjò ẹ̀ẹ̀kan.

Inú wọn dùn, wọ́n ti ń sọ pé wàhálà omi ti tán. Mo ní ṣé gbogbo ẹ̀ ló máa wọ táǹkì? Wọ́n ní rárá o, díẹ̀ á ta dànù, eruku ọyẹ́ ń bẹ lórí páánù, omi àkọ́kọ́ dúdú ni, ó yẹ ká dà á nù. A ò mọ iye tó máa lọ, a bá gbà á bẹ́ẹ̀ ná pé ìdá kan nínú márùn-ún, mo sì ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé a fojú bù ú ni. Ó ku lítà 1,536. Kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 tí mẹ́rúwà ń gbé, ó lé ní 61.

Ó wá kù bí omi tí ilé-ìwé ń lò lójúmọ́ ṣe pọ̀ tó. A gbà pé àwa 240 la wà nílé-ìwé. Wọ́n ní lítà kan fún mímu, lítà kan fún ọwọ́ fífọ̀. Ọmọ kan ní ọmọ nọ́sìrì ò lè mu lítà kan. Òmíràn ní tó bá di inú Ramadan ńkọ́, praimárì 5 àti 6 tó ń gbààwẹ̀ ò ní mu rárá. Kíá ni ọmọ Ààfáà kan dá a lóhùn pé àlùwàlá á pọ̀ sí i nínú Ramadan, pé ohun tó dín níhìn-ín á jáde lọ́hùn-ún. Ẹ̀yin ará, mo jókòó ni, mo ń gbọ́ wọn. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ló ń sọ̀rọ̀ yẹn! Ní ìgbẹ̀yìn wọ́n fi í sí lítà méjì, 480 lójúmọ́. Lítà 1,536 ò ju ọjọ́ mẹ́ta ó lé díẹ̀ lọ.

Ojú wọn rẹ̀ wálẹ̀. Wọ́n ní gbogbo iṣẹ́ yìí, ọjọ́ mẹ́ta péré? Ibẹ̀ gan-an ni mo ti fẹ́ kí wọ́n dé. Mo ní kí lẹ lè yí padà? Wọ́n ronú, wọ́n ní kí omi mímu máa wá láti ilé bó ṣe ń wá tẹ́lẹ̀, kó jẹ́ pé ọwọ́ fífọ̀ nìkan ni omi òjò wà fún. Ó di 240 lítà lójúmọ́, ó lé ní ọjọ́ mẹ́fà. Nínú oṣù Kẹfà tàbí oṣù Kẹsàn-án ní ọ̀dọ̀ wa, ọ̀sẹ̀ kan kì í sábà kọjá kí òjò má rọ̀, ìyẹn ni pé kí táǹkì tó gbẹ òmíràn á ti wọlé. Oṣù Kẹjọ tí òjò máa ń sinmi, àwọn ọmọ wà ní họ́lídè. Àmọ́ láti oṣù Kọkànlá títí di oṣù Kẹta, òjò kì í sábà rọ̀, wọ́n kọ ìyẹn náà sílẹ̀ láìfi bò. Wọ́n tún rí i pé táǹkì 1,000 lítà ò ní tó, pé 536 á ṣàn dànù, pé 2,000 ló yẹ. A kọ gbogbo ẹ̀ sórí kádíbọ́ọ̀dù, a fún ẹ́dìmásítà wa, àwọn náà gbé e lọ sí ìpàdé òbí àti olùkọ́. Wọn ò tíì ra táǹkì o, àmọ́ àwọn òbí béèrè ìbéèrè lórí ẹ̀, àwọn ọmọ ló sì dáhùn, kì í ṣe èmi.

Ó dùn mí pé nígbà tí a ń fa okùn kiri àgbàlá, ọ̀gá kan tó wá yẹ ilé-ìwé wò bi mí pé péèjì mélòó ni mo wà. Mo ní kò sí nínú péèjì kankan sà. Ó ní ṣé mo mọ̀ pé fractions, ìyẹn ìdá, ni iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ yẹn? Mo fi hàn án pé ìdá kan nínú márùn-ún wà nínú ohun tí à ń ṣe, pé wọ́n ti ṣe ìlọ́po, wọ́n ti ṣe pínpín, wọ́n ti ṣe wíwọ̀n, lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Kò bá mi jà, àmọ́ ohun tó kọ sínú ìwé ni pé kíláàsì ò sí níjòókòó. Tí tíṣà bá mọ̀ pé ohun tí wọ́n á kọ nípa òun nìyẹn, ta ló tún máa kó ọmọ jáde?

Àwọn kan máa ní iṣẹ́ yunifásítì lèyí, kí ló kan ọmọ praimárì. Àwọn Amẹ́ríkà fi í sínú Common Core, ìlànà ohun tí ọmọ ilé-ìwé wọn gbọ́dọ̀ mọ̀, lọ́dún 2010, láti kindergarten ló ti bẹ̀rẹ̀, ọmọ tí kò tíì mọ ìlọ́po rárá. Àwọn ọmọ tiwa gan-an ò ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹ lọ sí Ọjà Ọba tàbí ọjà Ìpata n'Ílọrin ní ìrọ̀lẹ́, ẹ ra tòmátò lọ́wọ́ ọmọ tó ń ran ìyá ẹ̀ lọ́wọ́, ẹ wò ó bó ṣe máa ṣírò ṣéńjì yín kí ẹ tó parí ọ̀rọ̀. Ẹ lọ sílé àwọn tó ń hun aṣọ òkè n'Ílọrin, ọmọ inú ilé á sọ fún yín iye ojú aṣọ tí ìró kan máa gbà, bẹ́ẹ̀ ojú kan ò ju nǹkan bí ínṣì mẹ́rin lọ ní fífẹ̀. Ọmọ kan náà lẹ máa rí lọ́la ní kíláàsì tí wọ́n ń nà torí ìṣirò.

Wọ́n ti wádìí èyí náà. Ní Recife nílẹ̀ Brazil, Terezinha Carraher, David Carraher àti Analúcia Schliemann tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 1985, pé àwọn lọ ra nǹkan lọ́wọ́ àwọn ọmọ tó ń tajà lójú pópó, ìṣirò tí wọ́n ṣe lọ́jà, nínú ọgọ́rùn-ún wọ́n gba nǹkan bí 98. Wọ́n wá fún àwọn ọmọ yẹn kan náà ní ìwé àti bírò, nọ́ńbà yẹn kan náà ní ìhòòhò, wọn ò gba ju nǹkan bí 37 lọ. Tí wọ́n bá sọ ọ́ di ìtàn díẹ̀ nínú ìbéèrè, ó gòkè sí nǹkan bí 74. Ọmọ kan ń ta àgbọn ní 35, wọ́n ní àwọn fẹ́ mẹ́wàá. Ó ní mẹ́ta jẹ́ 105, mẹ́ta sí i, 210, ó ku mẹ́rin, ó dé 315, ó wá ní 350. Tíṣà tó bá kọ́ ọ pé kó kàn fi òdo sẹ́yìn 35 ò rí ọ̀nà tí ọmọ yẹn gbà, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà ni, ó sì dájú. Mi ò sọ pé kí ọmọ máa kiri o, kí ọmọ wà nílé-ìwé, àmọ́ kí ilé-ìwé má ṣe di ojú sí ohun tí ọmọ ti mọ̀ kó tó wọlé.

Ọ̀rọ̀ èdè náà wà nínú ẹ̀. Ìjà wákàtí òjò tí mo sọ yẹn, Yorùbá ni wọ́n fi jà á, Ìgbómìnà pọ́ńbélé láwọn ibì kan. Tí mo bá ní kí wọ́n fi gẹ̀ẹ́sì ṣe é, gbogbo kíláàsì ni ì bá dákẹ́, ọmọ tó rí àlàfo etí rúlà yẹn ì bá má bọ́ síwájú. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí n'Ífẹ̀ lọ́dún 1970, wọ́n fi Yorùbá kọ́ ọmọ praimárì fún ọdún mẹ́fà gbáko, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì wà nínú ẹ̀, àwọn ọmọ náà ò sì fi bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn nínú gẹ̀ẹ́sì. Lọ́dún 2022 ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa fi èdè ìbílẹ̀ kọ́ praimárì, nígbà tó di 2025 wọ́n ní àwọn ti fagi lé e. Mi ò fẹ́ bá ìjọba fa ìyẹn níbí. Kí wọ́n kọ ìdáhùn ní gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n bá fẹ́, àmọ́ tí ọmọ bá ń ronú, kí wọ́n jẹ́ kó fi èdè tó ń bá a ronú sọ̀rọ̀.

Àwọn tíṣà ẹgbẹ́ mi máa ní kíláàsì kún jù. Ó kún lóòótọ́, ti ẹlòmíì ń lọ sí àádọ́rin. Márùn-ún márùn-ún ni kí ẹ pín wọn, kí ẹ fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ohun kan láti wá, kí àwọn kan wọ̀n páánù, kí àwọn kan ka èèyàn, tó bá kún jù gan-an ni iṣẹ́ ń yá. Okùn, agolo àti rúlà ni tiwa, a ò ra nǹkan kan. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé mo ní ká pa times table tì, ọmọ tí kò mọ 24 lọ́nà 8 ibo ló fẹ́ gbé okùn yẹn gbà? Kò pọndandan ká máa ṣe é lójoojúmọ́, ọ̀rọ̀ kan ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì tó, tí tíṣà bá mú un dáadáa.

Ìdánwò ló ń dẹ́rù bà wọ́n jù. Common entrance, ìdáhùn A sí D ni wọ́n ń tò sílẹ̀, ọmọ á kàn sàmì sí ọ̀kan, kò sẹ́ni tó máa bi í pé kí ló dé tó o fi mú un. Ohun tí mò ń bẹ àwọn tó ń ṣètò ìdánwò ní Kwara ni pé kí ìbéèrè kan ṣoṣo wà tí kò ní A sí D, ọ̀rọ̀ ilé tàbí ọjà, kí máàkì wà fún ohun tí ọmọ yàn, fún ohun tó fojú bù, àti fún bó ṣe yẹ ìdáhùn ẹ̀ wò. Tó bá ti wà nínú ìdánwò, ẹ ò ní í bẹ tíṣà kankan kó tó kọ́ ọ, òbí gan-an á máa béèrè ẹ̀ lọ́wọ́ olùkọ́ lẹ́sìnnì. Kí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ní wa náà, bẹ̀rẹ̀ láti ti Ìlọrin, ní kí ọmọ NCE (ìwé ẹ̀rí olùkọ́) tó ń lọ tíṣíìn píráktíìsì ṣe irú ẹ̀ kan ó kéré tán kí wọ́n tó máàkì ẹ̀. Kí àwọn ọ̀gá tó ń yẹ ilé-ìwé wò sì fi àyè kan sínú fọ́ọ̀mù wọn fún kíláàsì tó wà níta.

Ẹ̀yin olóòtú náà, ẹ ní ohun tí ẹ lè ṣe. Ẹ fún àwọn ọmọ ní igun kékeré kan nínú ìwé ìròyìn yín lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ìbéèrè kan péré, kí kíláàsì tó bá rí ìdáhùn kọ ọ́ ránṣẹ́ pẹ̀lú ìdí tí wọ́n fi mú un, kí ẹ tẹ èyí tó mọ́gbọ́n dání jù jáde, kódà kó jẹ́ pé ìdáhùn méjì tí kò jọra ni. Mo ti mú ìbéèrè àkọ́kọ́ wá fún yín: tí ìdílé kan bá pa àgbò kan fún Iléyá, ilé mélòó ni ẹran tí wọ́n máa fún àwọn ará àdúgbò lè kárí? Ẹ má bá wọn kọ nọ́ńbà kankan sí i o, ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ wá a lọ́wọ́ àwọn bàbá wọn àti lọ́wọ́ alápatà.

Èmi ni tiyín,
Tíṣà praimárì kan, Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn, Kwara